Láti Ìjọrà dé Ìkòyí, Lẹ́yìn Àwo Orin

Ẹni tó bá fẹ́ ra àwo àtijọ́ ní Èkó, kó yáa tètè jí. Àwọn tó ń ti ọmọlanke káàkiri àdúgbò, tí wọ́n ń ké "kóńdẹ̀m" láti ra ohun tó ti bàjẹ́, ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Bàbá kan á kú, àwọn ọmọ á fẹ́ palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́. Wọ́n á pe oní-kóńdẹ̀m wọlé, á gbé fáànù tí kò fẹ́ mọ́, á gbé fírídìjì, á gbé rédíógíráàmù tí eku ti jẹ wáyà inú rẹ̀. Àpótí àwo tó wà nídìí rédíógíráàmù yẹn kì í ní iye tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n á kàn ní kó máa kó o lọ mọ́ ẹrù yòókù.

Ìjọrà wà lára ibi tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń já sí, ibẹ̀ sì ni mo gbà lọ ní àárọ̀ Sátidé kan, pẹ̀lú aṣọ funfun tó mọ́ nínú báàgì mi àti owó tí mo ti ń tọ́jú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí àwo. Àdúgbò tí kì í sinmi ni. Tírélà ń gba ibẹ̀ lọ sí èbúté, ẹja inú yìnyín ń jáde láti àwọn ilé ìkẹ́jasí tó wà níbẹ̀, àwọn obìnrin á sì ti dúró pẹ̀lú ọpọ́n láti ilẹ̀ mímọ́. Ẹni tó bá gbójú sókè á rí òrùlé Gbọ̀ngàn Ìṣeré ti Orílẹ̀-èdè ní Ìgánmú, tó rí bíi fìlà ológun. Wọ́n ti sọ gbọ̀ngàn yẹn ní orúkọ Wọlé Ṣóyínká láti ọdún 2024. Kí wọ́n tó rí ilẹ̀ kọ́ ọ, wọ́n kó àwọn ará abúlé Olúwọlé kúrò lójú ilẹ̀ wọn ní ọdún 1973, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wá tẹ̀dó sí Badia, lẹ́yìn Ìjọrà níbí.

Gbọ̀ngàn yẹn ló gba àlejò FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 1977. Stevie Wonder wá sí Èkó, Sun Ra wá, Gilberto Gil wá láti Brazil. Fela, olórin Afrobeat, kọ̀, kò bá ìjọba ṣe é. Ó ń ṣeré tirẹ̀ ní Shrine, ilé ijó rẹ̀, ọ̀pọ̀ àlejò sì ń lọ wò ó lálẹ́. FESTAC parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù kan náà, àwọn sójà ya wọ ilé rẹ̀, wọ́n lu tọkùnrin tobìnrin, wọ́n sì dáná sun ilé náà.

Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n gbé àwo tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní Ìjọrà jáde. *No Agreement* ni, ti ilé iṣẹ́ Afrodisia. Páálí rẹ̀ ti ya ní igun méjèèjì, ẹnì kan sì ti fi báírò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí iwájú rẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi nọ́ńbà sí i, bí àwọn èèyàn ti máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń yá ara wọn láwo lọ sí òde àríyá.

"Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá mi," ni ẹ̀gbọ́n tó ń tà á wí. Orí tábìlì pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló to àwo sí, nínú páálí núdù, pẹ̀lú rédíò àlòkù, áyọ́ọ̀nù àti okùn iná. "Ẹ pẹ́ díẹ̀. Ọmọkùnrin kan wá lánàá, àwọn òyìnbó ló ń rà á fún. Gbogbo Fela tí ara rẹ̀ dá ló kó. Èyí tó kù nìyí."

Mo yọ àwo náà. Etí rẹ̀ ni mo fi dì í mú kí ìka mi má baà kan ojú orin, mo sì dà á díẹ̀ sí oòrùn. Ẹni tó bá mọ àwo wò kì í náání páálí tó ya. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá kọjá lójú àwo kì í ṣe nǹkan. Èyí tí èékánná bá lè mọ̀ ni kí ẹ sá fún, torí abẹ́rẹ́ á máa fò níbẹ̀, tàbí kó máa tún ibì kan ṣoṣo kọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lẹ́yìn náà ni mo wo ihò àárín. Bí ẹni tó ni ín bá ti lò ó kanlẹ̀, ipa irin tọntébù á wà yíká ihò náà lójú lébù. Mo gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ìlú omi ni Èkó. Páálí tó bá ti gba ọ̀rinrin ọ̀sà á bu, bíbu náà á sì ràn mọ́ àwo. Èyí kò bu, ṣùgbọ́n ó ti tẹ̀. Oòrùn ti bá a jà. Mo gbé e sórí tábìlì, apá kan rẹ̀ lé sókè bó ti wù kí n tẹ̀ ẹ́ tó. Mo dá a padà.

Lẹ́tà ìwájú nọ́ńbà ara lébù ni àwa tó ń ra àwo fi ń mọ ilé ẹni tó ni orin. DWAPS, Afrodisia nìyẹn. WAPS lásán, Decca ti ìgbà àtijọ́ ni, níbi tí Ebenezer Obey ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. SALPS, ti Sunny Adé fúnra rẹ̀ ni, lẹ́yìn tó ti kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde tẹ́lẹ̀. SRPS, Star Records, tí Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I.K. Dáíró dá sílẹ̀ ní ọdún 1969 kí olórin lè jẹ èrè iṣẹ́ ara rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣí páálí, tí mo ń ka lẹ́tà wọ̀nyí sínú, mo kan NEMI. EMI ti Nàìjíríà nìyẹn. Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, ló wà lórí rẹ̀.

Ojú àwo náà dúdú, ó ń dán. Páálí rẹ̀ pé. Ọkàn mi sọ kúlú.

"Eélòó ni Àyìnlá yìí, ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ẹ̀gbọ́n!"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Láti ìgbà tí Túndé Kèlání ti ṣe fíìmù yẹn, àwọn ọ̀dọ́ ló ń bèèrè ẹ̀. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí Àyìnlá kú ló ń wá a kiri."

Òótọ́ ló sọ. Ọdún 2021 ni fíìmù *Àyìnlá* jáde, ọdún 1980 sì ni Àyìnlá Ọmọwúrà kú ní Abẹ́òkúta. A ná an, a ná an, ó gbà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ó sì fi nylon kan wé e fún mi. Mo bi í léèrè ibi tó ti rí àpótí náà. Ó ní àwọn oní-kóńdẹ̀m ló gbé e wá láti Sùúrùlérè, pé nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ òun, ìdajì àwo inú rẹ̀ ti fọ́, torí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lé e lórí. Ìdajì! Mo dúró, n kò lè sọ̀rọ̀. Ta ló mọ ohun tó wà nínú ìdajì yẹn?

Ibi tí wọ́n ti tẹ Àyìnlá tó wà lọ́wọ́ mi kò jìnnà sí ibi tí mo dúró sí. Dáńfó gbé mi gun bíríìjì, ó já mi sí Àpápá. Títí di ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, tírélà máa ń tò láti ẹnu èbúté títí dé orí bíríìjì Ìjọrà, tí awakọ̀ á máa sùn lábẹ́ ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2021 tí wọ́n ti ń fi íntánẹ́ẹ̀tì pe ọkọ̀ wọ èbúté, èèyàn ń rí ọ̀nà gbà díẹ̀. Mo sọ̀ ní Wharf Road, mo fi ẹsẹ̀ rìn.

Ní òpópónà yìí ni EMI ní sitúdíò, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ àwo sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Olórin á wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú ìlù àti gìtá, ohùn rẹ̀ á wọ inú téèpù, nígbà tó bá sì yá, ohùn náà á jáde ní ẹ̀yìn ilé gẹ́gẹ́ bí àwo, ọkọ̀ á kó o lọ sí Ìbàdàn, Ìlọrin, Onitsha, Kano. Odion Iruoje ni ẹni tó ń wá olórin rí fún wọn, tó sì ń darí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sórí téèpù. Ó bá Fela ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí a bá ń ka àwọn tó ṣe orin Nàìjíríà ti àárín ọdún 1970 sí 1980, mi ò mọ ẹni méjì tó ṣaájú rẹ̀ nínú àwọn tí kì í kọrin.

Paul McCartney, olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà wá síbí. Oṣù kẹjọ ọdún 1973 ni, òun, Linda ìyàwó rẹ̀ àti Denny Laine, torí méjì yòókù nínú ẹgbẹ́ olórin wọn kọ̀ láti bá wọn wá nígbà tí ìrìnàjò kù fẹ́ẹ́fẹ́. Àwọn olè dá a lọ́nà lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gba téèpù tó kọ àwọn orin tuntun rẹ̀ sí. Fela lọ bá a, ó fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin àwọn aláwọ̀ dúdú ni, McCartney sì ní láti gbé ohun tó ti ṣe dún fún un kó tó gbà pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ àwo tó tìdí rẹ̀ yọ ni *Band on the Run*, ó jáde ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ó sì tà káàkiri ayé. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n tún un tẹ̀ fún àádọ́ta ọdún rẹ̀, àwọn olólùfẹ́ orin ní òkè òkun sì rí i rà gẹ́gẹ́ bí àwo tuntun.

N kò bínú sí ọkùnrin náà. Ó wá, ó ṣiṣẹ́, ó lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọdún 1973 kan náà ni EMI gbé *Gentleman* ti Fela jáde, ọdún yẹn náà sì ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St. Gregory's ní Ọbaléndé, tí wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Ofege, ṣe *Try and Love* lábẹ́ Iruoje. Ọmọ sẹ́kọ́ńdírì! Mo rìn láti òkè Wharf Road dé ìsàlẹ̀, n kò rí ohun kankan, ì báà ṣe pákó kékeré, tó ń sọ fún ẹni tó ń kọjá pé ohun tó gbòòrò tó báyìí ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. Ẹni tí mo bi léèrè níbi tí wọ́n ti ń ta omi tútù ní iṣẹ́ kíríàǹsì ni òun mọ̀ sí ọ̀nà náà.

Kò gba ọdún púpọ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó dàrú. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé SAP dé ní ọdún 1986, tí náírà já wálẹ̀, rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe àwo, tó jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, di ọ̀wọ́n. Kásẹ́ẹ̀tì gba ìgboro, ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì sì tẹ̀lé e bíi ká ṣẹ́jú. Àwọn òyìnbó fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀: EMI di Ivory Music, Polygram di Premier. Téèpù àkọ́kọ́ tí ohùn àwọn olórin wà nínú rẹ̀ bá àyípadà yẹn lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Òmíràn rà nínú ooru, òmíràn sọnù nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù. Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyẹn, mo sì bẹ ẹ̀yin òǹkàwé kí ẹ jẹ́ kó dúró sí yín lọ́kàn bí a ṣe ń lọ.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé mi dé Ajégúnlẹ̀, mo sọ̀ ní Boundary. Ọjà ti kún dẹ́múdẹ́mú. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni etí mi gbọ́ Yorùbá, Ìgbò, Urhobo, Ìjọ́ àti Pidgin, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì kan sì ń bá ti ẹni tó ń ta oògùn eku jà. Àwọn tó mọ Ajégúnlẹ̀ ní ti orin, Daddy Showkey ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti bàbá kan tó ń kó àwo jọ, tí mo wá rí, ti wà ṣáájú ìgbà yẹn.

Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ èbúté. Yàrá méjì ló ní nínú ilé kan tó yà kúrò ní Ojo Road, àwo ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀kan. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, bàbá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun? Jókòó. Má fi báàgì yẹn sí ibi tí oòrùn ń ràn sí o, mo rí i pé àwo wà nínú ẹ̀."

Òòró ni gbogbo àwo rẹ̀ dúró nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí èyí tó sùn lé èkejì. Ó fi nylon bo páálí kọ̀ọ̀kan, ó sì ju káńfọ̀ sí ìsàlẹ̀ nítorí kòkòrò. Ó ní ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan tó ti gbó, tó kọ orúkọ àwo kọ̀ọ̀kan sí, nọ́ńbà rẹ̀, ibi tó ti rà á àti iye tó rà á. Mo ti rí ilé ìkàwé tí kò ní irú àkọsílẹ̀ yẹn.

Bàbá sọ fún mi bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn atukọ̀ òkun ló máa ń kó àwo wá láti Amẹ́ríkà àti Liverpool, wọ́n á tà á fún àwọn òṣìṣẹ́ èbúté lẹ́nu géètì. Ó ra James Brown lọ́wọ́ wọn, James Brown fúnra rẹ̀ sì wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1970. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé tó bá gbé ní Ajégúnlẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tó ní gbogbo ẹ̀yà lórí tábìlì. Ọmọ Kalabari tó wà ní yàrá iwájú ló kọ́ ọ ní Rex Lawson. Ará Bẹ̀ní kan ló fún un ní *Joromi* ti Victor Uwaifo. Ará Ìjẹ̀bú kan ló bá a ra Yusuf Ọlátúnjí. "A kì í gbọ́ èdè ara wa tán," ó wí, "ṣùgbọ́n bí a bá gbé àwo sí i, gbogbo ilé á jáde."

Mo béèrè Ofege. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dìde. Ó mọ ibi tó wà láìwo ìwé. Àwo àkọ́kọ́ ni, ti ọdún 1973, lébù EMI lára rẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì nu ojú rẹ̀ yíká, ó fẹ́ atẹ́gùn sí abẹ́rẹ́, ó sì sọ apá tọntébù sílẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ṣé ẹ ti gbọ́ *Try and Love* rí láti ojú àwo? Gìtá rẹ̀ ń han, ó ń ké, ó ń fà, ohùn àwọn ọmọdé náà sì rọ̀ lórí rẹ̀, ohùn ọmọ tí kò tíì mọ̀ pé ó yẹ kí òun bẹ̀rù. Báàsì ń rìn nísàlẹ̀ láìkánjú. Mo ti gbọ́ ọ lórí fóònù àìmọye ìgbà, n kò mọ̀ pé yàrá wà nínú rẹ̀. Lórí àwo yìí, mo ń gbọ́ yàrá náà. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe jókòó tí sitúdíò Wharf Road yí wọn ká. Bàbá di ojú rẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan tó ń fọ aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé dẹ́kun, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí apá kìíní parí, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iye tí ẹ bá pè é ni mo máa san."

"Èyí kọ́, ọmọ mi. Àwọn kan ti fi dọ́là wá sí ibí yìí. Mo ní rárá. Ẹni tó bá rà á lọ, á tì í mọ́ inú àpótí ní Jámánì tàbí ibòmíràn. Níbí, bí ọmọ kan bá kan ilẹ̀kùn tó ní òun fẹ́ gbọ́, á gbọ́."

Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n lọ lọ́wọ́ òfo. *Òrókì Social Club* ti Hárúnà Ìṣọ̀lá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní méjì, ó ta ọ̀kan fún mi ní owó tí n kò lè pè ní owó. Ọdún 1971 ni àwo yẹn jáde, ìròyìn sì sọ pé ó tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Ó fa ìlà lé orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ó kọ ọjọ́ náà àti orúkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn sí ìlà yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Láti Ajégúnlẹ̀ mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òrílé, mo fi káàdì Cowry mi kan ẹ̀rọ, mo gun ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀nà aláwọ̀ búlúù yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, láti Mile 2 dé Marina. Kí n tó tún nylon ọwọ́ mi tò dáadáa, a ti kọjá gbọ̀ngàn Ìgánmú, a ti wà lórí omi, a ti dé Marina.

Ilé ìtajà Jazzhole wà ní Awólọ́wọ̀ Road, ní Ìkòyí. Kúnlé Tẹ́júoṣó ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1991. Ìwé wà níbẹ̀, kọfí wà níbẹ̀, àwo wà níbẹ̀, orin sì máa ń dún bí ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn. Ìdí tí mo fi bọ̀wọ̀ fún ibẹ̀ ju títà lọ. Àwọn ló lọ wá àwọn àgbà olórin tí Èkó ti gbàgbé, tí wọ́n sì fi wọ́n sínú àwo lẹ́ẹ̀kan sí i. Fatai Rolling Dollar wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó rò pé ó ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó rí i lórí ìtàgé. Ó kú ní ọdún 2013, ṣùgbọ́n ó kú bí olórin tí wọ́n mọ̀. Rẹ̀mí Vaughan-Richards ṣe fíìmù kan nípa òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, *Fàájì Àgbà*, ní ọdún 2015.

Ní Jazzhole yìí ni mo ti rí ohun tí mo torí rẹ̀ tọ́jú owó: *Try and Love*, ẹ̀dà tuntun tí wọ́n tún tẹ̀ ní òkè òkun. Àwo náà nípọn, ó wúwo, páálí rẹ̀ ń dán, sítíkà kan sì wà lórí rẹ̀ pé ìwọ̀nba ni wọ́n tẹ̀. Mo yí i padà. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn pé ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti ṣe é. St. Gregory's, níbi tí àwọn ọmọ yẹn ti kọ́ orin, kò jìnnà sí ibi tí mo dúró sí.

Ní London, irú àwo tuntun bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tó £25 sí £30. Kó tó gba òfúrufú àti kọ́sítọ́ọ̀mù dé Èkó, owó rẹ̀ á ti ga sí i, owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù ní Nàìjíríà láti ọdún 2024 sì jẹ́ N70,000. Ẹ fojú inú wo ọmọ kan ní Badia tó ní ẹ̀bùn gìtá. Báwo ló ṣe máa gbọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọbaléndé ti ta gìtá ní ọdún 1973? Mo san owó náà, mo mọ̀ pé mo lágbára láti san án, kò sì jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn tó ń tún un tẹ̀ ń ṣe ibi. Ilé iṣẹ́ Strut ní London ló kó orin wa jọ sínú *Nigeria 70* ní ọdún 2001, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ olórin ìlú wọn. Soundway tẹ̀lé e, Knitting Factory tún Fela tẹ̀ látòkè délẹ̀. Wọ́n tọ́jú ohun tí a kò tọ́jú. Inú mi sì dùn sí i pé Odion Iruoje fúnra rẹ̀, pẹ̀lú Tẹ́mitọ́pẹ́ Kogbe, dá Odion Livingstone sílẹ̀ ní Èkó láti máa tún irú àwo bẹ́ẹ̀ gbé jáde. *Friday Night* ti Livy Ekemezie wà lára èyí tí wọ́n ti mú padà. Ẹni tó wà níbi tí wọ́n ti bí irú orin bẹ́ẹ̀ ló ń tún un gbé jáde. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Láti ìgbà tí Rẹ́fáràǹdì J.J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, ti lọ kọrin sínú àwo Zonophone ní London ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni ohùn wa ti ń wọkọ̀ lọ sí òkè òkun kó tó padà wá bá wa.

Ọ̀rọ̀ téèpù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni mo padà sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwo tí wọ́n ń tún tẹ̀ yìí, téèpù àkọ́kọ́ wọn kò sí mọ́. Ohun tí àwọn tó ń ṣe é máa ń ṣe ni pé wọ́n á wá àwo àtijọ́ tí ojú rẹ̀ mọ́ jù, wọ́n á gbé e sórí ẹ̀rọ tó dára, wọ́n á gba orin inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á fọ ariwo ara rẹ̀ dànù, wọ́n á sì tẹ tuntun láti ara rẹ̀. Ìyẹn ni pé àwo tó wà nílé bàbá ní Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dà lásán mọ́. Ó ti di orísun. Àwọn tó fọ́ sábẹ́ jẹnẹrétọ̀ ní ọ̀nà Ìjọrà náà lè jẹ́ orísun, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn nìkan ló kù nínú irú rẹ̀. Bí àwo tó mọ́ kò bá sí mọ́ níbikíbi, kò sí ilé iṣẹ́ ní London tàbí ní Èkó tó lè tún orin náà pè padà, iye yòówù kí wọ́n fẹ́ san.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí àwo òbí yín ṣì wà nílé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ gbé wọn dúró ní òòró, ẹ mú wọn kúrò lójú oòrùn àti lórí ilẹ̀ tó ń rin. Ẹ má fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n. Ẹ jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, kí ẹ kọ orúkọ olórin, orúkọ àwo àti nọ́ńbà ara lébù sínú ìwé, bí bàbá Ajégúnlẹ̀ ti ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ tà, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó mọ̀ wò ó, kí ẹ sì gba iye tó tọ́ sí i. Bí ẹ kò bá fẹ́ owó, Evergreen Musical Company tí Fẹ́mi Esho dá sílẹ̀ ń kó orin àtijọ́ jọ, àwọn yunifásítì wa tó ń kọ́ni ní orin náà sì wà. Ẹ ṣe é ní ọdún yìí, nígbà tí ẹni tó ra àwo náà ṣì lè sọ fún yín ibi tó ti rà á.